Ẹlẹ́yin àti Ọmọ Orí Táǹkì

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀nà kì í bà lẹ́rù. Ìlú kékeré kan ní apá Òkè-Ògùn ló ń gbé, níbi tí títì ọlọ́dà ti la oko kọjá lọ sí ìlú ńlá. Adìyẹ ló ń sìn, ẹyin ló ń tà, Ẹlẹ́yin sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú, nítorí òórùn adìyẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́lé tì í. Ilé kan ṣoṣo ló wà nítòsí rẹ̀, ti ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí imú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn mọ́.

Ìyàwó Ẹlẹ́yin ti kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ìbídùn lorúkọ ọmọ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí ọkùnrin náà wá aya mìíràn, ó ní ó dìgbà díẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá láti ìlú tirẹ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí òun mú ọmọ lọ tọ́. Ẹlẹ́yin bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní bí wọ́n bá mú Ìbídùn lọ, ta ni yóò kù nínú ilé tí òun yóò máa bá sọ̀rọ̀? Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó sì padà lọ láìmú ọmọ dání.

Báyìí ni bàbá àti ọmọ ṣe ń gbé, àwọn méjì láàárín irínwó adìyẹ. Ọkùnrin náà kọ́ bí a ṣe ń ya irun ọmọbìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà irun náà kì í gún. Ìbídùn ní tirẹ̀ ń sọ adìyẹ lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyá Ìjọ nítorí bó ṣe máa ń gbé àyà rìn, òmíràn ń jẹ́ Adélé nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Bí bàbá bá fẹ́ ta adìyẹ tó ti dàgbà, ó ní láti kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà lẹ́nu. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ohùn rẹ̀ ń dún nínú ilé, ọkùnrin náà kò sì mọ̀ nígbà náà pé ohùn yẹn ló sọ ilé náà di ilé.

Lẹ́yìn ọmọ yìí, ohun kan ṣoṣo tó tún ń mú inú rẹ̀ dùn ni alùpùpù rẹ̀. Ó ti gun alùpùpù fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò ṣubú rí. Nígbà tó bá wà lórí rẹ̀, ọ̀fọ̀ kì í lè lé e bá. Ó máa ń sáré. Ó máa ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá dúró. Kì í mutí, kì í sì ṣe aláìbìkítà nínú nǹkan mìíràn. Ó kàn gbà pé àwọn tí ọwọ́ wọn kò mú ni ewu wà fún.

Ó sì ní ohun tó fi ń dá ara rẹ̀ lójú. Ìgbà kan, ó ku díẹ̀ kí tírélà gbá a níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, ó yọ. Ìgbà kan, màlúù já sí títì níwájú rẹ̀, ó yà fún un. Ìgbà kan, táyà rẹ̀ bẹ́ lórí eré, ó di alùpùpù mú títí ó fi dúró. Ẹlòmíràn ì bá ka nǹkan wọ̀nyí sí ìkìlọ̀. Ẹlẹ́yin kà wọ́n sí ẹ̀rí. Gbogbo ìgbà tí ewu bá yẹ̀ lórí rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tó ní nínú ọwọ́ ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Alùpùpù yìí ló fi ń gbé Ìbídùn lọ sílé ìwé. Wọ́n ti jó irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí kíréètì ẹyin máa ń jókòó lé, irin náà sì ti gba gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn. Nítorí náà, orí táǹkì epo ni ọmọ ń jókòó sí, níwájú bàbá rẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì di àárín irin ìdarí mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá máa ń dé akoto nígbà tó bá ń lọ sí ìlú ńlá, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ọmọ kò ní ohun tó ń dé ju fìlà ilé ìwé rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Yóò máa kọrin sínú afẹ́fẹ́, orin náà yóò máa gba ojú bàbá rẹ̀ kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá olùkọ́ tó jẹ́ aládùúgbò wọn jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń wo Ẹlẹ́yin bó ṣe ń di ẹrù. Ẹlẹ́yin kọ́kọ́ tẹ́ fóòmù sórí irin. Ó to kíréètì mẹ́fà lé e, ó ki àkísà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó fi fóòmù mìíràn bò ó lórí, ó wá fi rọ́bà táyà dè é yíká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ọwọ́ mì í wò. Kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ rẹ̀ sórí táǹkì.

Ìyá náà pè é. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún un.

"Bàbá Ìbídùn," ìyá náà wí, "mo rí ohun tí o fi tẹ́ ẹyin. Kí lo fi tẹ́ orí ọmọ?"

Ẹlẹ́yin rẹ́rìn-ín. "Màmá, àárín apá mi méjèèjì ló wà. Ààbò wo ló tún ju apá bàbá ẹni lọ?"

"Apá rẹ méjèèjì, alùpùpù ni wọ́n dì mú," ìyá náà dáhùn. "Wọn ò di ọmọ mú."

Kò bá a jà. Ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé akoto ọmọdé wà ní ìlú ńlá, pé bí kò bá sì tíì rí i rà, ilé ìwé kò jìnnà ju ìrìn ogójì ìṣẹ́jú lọ. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ mú ọmọ lọ, kó tó padà wá di ẹyin rẹ̀. Ẹlẹ́yin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tilẹ̀ rí akoto pupa kékeré kan ní ìsọ̀ kan, ó gbé e, ó yí i lọ́wọ́. Ó wá rò ó pé orí ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́, pé kí ọdún tó yí po, akoto náà á ti há a. Ó gbé e padà síbi tó ti mú un. Nígbà tó ń lọ sílé, ó sọ fún ara rẹ̀ pé màmá ti dàgbà, àti pé ara ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe fún èèyàn ni kí ó máa bẹ̀rù.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò. Ìbídùn ní ìdánwò lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti pẹ́, nítorí pé adìyẹ mélòó kan jáde, tí bàbá àti ọmọ sì lé wọn kiri àgbàlá títí wọ́n fi kó wọn padà. Ẹlẹ́yin di kíréètì mẹ́fà sẹ́yìn. Ó dé akoto, nítorí pé ìlú ńlá ló ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá já ọmọ sílẹ̀. Ó gbé ọmọ síwájú, wọ́n sì bọ́ sí títì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó sìmẹ́ǹtì wà níwájú wọn, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣáájú afárá. Ẹrẹ̀ ń ta láti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí wọn lójú. Ẹlẹ́yin fọn fèrè, ọkọ̀ náà kò yà. Ó yọjú wo iwájú, ó rí àyè. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ló ti gbà kọjá ní ìgbà tí kò níye. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú eré pọ̀ sí i, ó bọ́ sí apá kejì títì.

Ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ló tó rí bàbá arúgbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti orí afárá, tó di ìdì igi ìdáná sẹ́yìn. Ẹlẹ́yin yà fún un. Ó yà sí etí títì, níbi tó mọ̀ pé ilẹ̀ wà. Àgbàrá ọ̀sẹ̀ náà ti gbá ilẹ̀ ọ̀hún lọ. Táyà iwájú bọ́ sínú òkúta wẹ́wẹ́, alùpùpù sì yí kúrò lábẹ́ wọn.

Ẹlẹ́yin dìde fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ ń hó. Ó fi ọwọ́ kan orí, ó bá akoto níbẹ̀, ó ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè délẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn alùpùpù tó dùbúlẹ̀. Ìdì ẹyin ṣì wà níbi tó dè é sí. Kíréètì mẹ́rin nínú mẹ́fà ni kò fọ́ rárá. Ó rí èyí kó tó rí ọmọ rẹ̀, kò sì tíì dárí rẹ̀ ji ojú ara rẹ̀ títí di òní.

Ìbídùn wà lẹ́bàá ògiri afárá. Ó dà bí ẹni tó sùn. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Awakọ̀ sìmẹ́ǹtì ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ fi sùn tí kò mọ ibi tó wà. Bàbá jókòó tì í. Ìyá olùkọ́ ń bá a fún adìyẹ lóúnjẹ nílé, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì wá láti ìlú tirẹ̀, ó jókòó sí apá kejì ibùsùn. Ní ọjọ́ keje, ojú ọmọ là. Bàbá rẹ̀ fò dìde, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó wá fi ohùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ bi í pé:

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Dókítà mú ọkùnrin náà bọ́ síta, ó ṣàlàyé fún un. Agbárí ọmọ ti sán lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi tí ìgbọ́ràn ń gbé ni ìsán náà sì gbà kọjá. Ó ní ọmọ yóò yè. Yóò rìn, yóò kàwé, ọgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ràn mọ́.

Wọ́n padà sílé. Fún oṣù díẹ̀, Ìbídùn ń sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Nílé ìwé, àwọn ọmọ ń fi ohùn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbọ́ ẹ̀rín wọn, ṣùgbọ́n ó rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dín. Bàbá rẹ̀ á kígbe mọ́ ọn, á tún kígbe, àwọn adìyẹ á ta pàrà, ọmọ á kàn máa wò ó. Kò sọ adìyẹ kankan lórúkọ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Ẹlẹ́yin ṣàkíyèsí pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan nínú ilé náà.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ tún wá. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní ìlú òun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Kò bú ọkùnrin náà. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó gún. Ẹlẹ́yin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó tẹ̀ síwájú fèrèsé kí ọmọ lè rí òun, ṣùgbọ́n Ìbídùn dojú bolẹ̀. Kò gbé ojú sókè títí ọkọ̀ fi lọ. Bàbá rẹ̀ gbà pé ọmọ ti kórìíra òun. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku òun nìkan. Kò ta alùpùpù náà, kò sì gùn ún. Ó gbé e ti ògiri, àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí yé sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ èrò ló wá ń bá a gbé ẹyin lọ sí ìlú ńlá. Nígbà tó bá fẹ́ ta adìyẹ, ó máa ń dì í mú lápá fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e fún ẹni tó rà á, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n sọ nǹkan fún òun. Irínwó adìyẹ ń ké lójoojúmọ́, síbẹ̀ ilé náà dákẹ́.

Àwọn èèyàn ń wá kí i. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ṣe é, pé ẹnì kan ló ń ṣe ìlara ọmọ náà. Wọ́n tilẹ̀ ní bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì ni ì bá kú. Àánú ló mú wọn sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ sọ, kò sì rí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jókòó yí i ká, ó máa ń dá wà ju ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dìde, ó rìn lọ sílé ìyá olùkọ́. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà. Ó fi ẹsẹ̀ sún àpótí ìjókòó sí i. Ẹlẹ́yin jókòó.

"Màmá," ó wí, "èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀," ìyá náà wí.

Kò sọ pé òun ti kìlọ̀, kò sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ìyá náà sì jẹ́ kó sunkún tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, tí ẹnì kan jókòó pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó wà gan-an. Nígbà tó nu ojú tán, ìyá náà da ẹ̀wà sínú abọ́, ó ní ọmọ Ẹlẹ́yin ń kọ́ èdè kan níbi tó lọ, kí Ẹlẹ́yin náà lọ kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà, ó dúró sẹ́nu géètì, ó rí Ìbídùn láàárín àwọn ọmọ mìíràn lábẹ́ igi máńgòrò. Ọwọ́ wọn ń fò bí ẹyẹ. Ìbídùn sọ nǹkan kan, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tún ti lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́ ìkankan. Ó dúró níbẹ̀ bí àlejò tó dé ìlú onílùú. Nígbà tí ọmọ rí i, ó wá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó tì í, ó sì dojú bolẹ̀ títí ó fi tó àkókò láti lọ.

Ó bẹ olùkọ́ kan níbẹ̀, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ogbọ̀n ọdún lọ, pé kó kọ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ le, ìka rẹ̀ nípọn, kò yára gbà á. Ilé ló ti ń dán an wò, nínú ilé adìyẹ, bó bá ti da oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn tán. Ó ń fi ọwọ́ sọ omi, ó ń sọ oúnjẹ, ó ń sọ wá síbí. Àwọn adìyẹ á sá fún ọwọ́ rẹ̀. Odidi ọdún kan kọjá kí ó tó sọ fún olùkọ́ náà pé ó ku gbólóhùn kan tí òun fẹ́ kọ́. Olùkọ́ náà kọ́ ọ ní bí a ṣe ń sọ pé dárí jì mí.

Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi, olùkọ́ náà sì tẹ̀ lé e. Ó fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè wo òun. Ó wá fi ọwọ́ sọ ọ́, ó tún un sọ kó lè yé e.

Ìbídùn wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó ń yára, ó ń ṣe àṣìṣe, ó ń tún un ṣe. Bàbá rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan níbẹ̀: èmi, wò, ojú. Ìyókù kò yé e. Ó yíjú sí olùkọ́ náà.

Olùkọ́ náà túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Ó ní òun ni kí ẹ dárí jì," ó wí. "Ó ní òun lòun jẹ́ kí ẹ ṣubú. Ó ní òun yí orí padà lọ́jọ́ náà láti wo ojú yín."

Ẹlẹ́yin ní kó bi í léèrè, kí ló fẹ́ wò lójú òun.

Ìbídùn tún fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e: "Ó ní bí ọkọ̀ ńlá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ojú yín lòun máa ń wò láti mọ̀ bóyá kí ẹ̀rù ba òun. Ó ní ẹ ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ẹ̀rù ò ba òun."

Ọkùnrin náà wá mọ ohun tó wà lábẹ́ ojú tí ọmọ ń dà bolẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe ìkórìíra. Láti ọmọ ọdún méje tó wà nígbà tí wọ́n ṣubú ló ti gbé ẹ̀bi bàbá rẹ̀ rù, ó ti gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Àwọn méjèèjì ti ń dá wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀.

Èdè tó gbọ́ kò tó ohun tó fẹ́ sọ. Ó kàn ń mì orí pé rárá, ó sì ń fi ìka gún àyà ara rẹ̀. Èmi. Èmi. Èmi. Ó ń gún un títí ọmọ náà fi di ìka ọwọ́ náà mú, kó má baà gún un mọ́.

Ọmọ náà kò padà gbọ́ràn. Ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ń mọ̀wé. Nígbà ìsinmi, ó máa ń wá sílé, bàbá rẹ̀ á lọ pàdé rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ń já èrò sí, wọn á fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, wọn á máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, wọn á dúró nígbà tí gbólóhùn bá gùn. Bí ìsinmi bá parí, ọmọ á padà. Ní gbogbo ìlú náà, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè yẹn. Ẹlẹ́yin á tún máa gbé pẹ̀lú èdè tí kò rí ẹni bá sọ ọ́, títí di ìsinmi mìíràn.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, tí o ń gbé ọmọ méjì síwájú àti ọ̀kan sẹ́yìn lórí alùpùpù, mi ò ní o kò fẹ́ràn ọmọ rẹ. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn tirẹ̀. Mi ò sì ní ọwọ́ rẹ kò mú. Ọwọ́ tirẹ̀ mú fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgboyà rẹ, tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́ fi orí ara rẹ dán ọ̀nà wò, o ti dàgbà, o mọ ohun tí ò ń ṣe. Ṣùgbọ́n orí tó wà níwájú rẹ lórí táǹkì yẹn kì í ṣe orí rẹ. Ẹni tó ni ín kò bá ọ rò ó. Kò mọ bí tírélà ṣe wúwo, kò mọ bí òkúta ṣe le. Ojú rẹ nìkan ló ń wò. Bí o bá ń rẹ́rìn-ín, yóò máa kọrin. Bí ẹ bá sì ṣubú, yóò rò pé òun ló fà á.

Àwọn ìgbà tí ewu ti yẹ̀ lórí rẹ, má ṣe kà wọ́n sí ẹ̀rí mọ́. Wá akoto tó bá orí ọmọ mu, kí o sì dè é lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá há a lọ́dún tó ń bọ̀, wá òmíràn. Má gbé e sórí táǹkì. Bí o bá rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, tí ọmọ sì wà lọ́dọ̀ rẹ, fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí o kò bá sì tíì rí akoto lọ́la, di ọwọ́ ọmọ náà mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Yóò pẹ́ dé ilé ìwé. Olùkọ́ lè bá a wí. Jẹ́ kó pẹ́.